Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Yé Dájọ́ Ikú fún Bátìrì Hybrid Láìyẹ̀ Ẹ́ Wò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń pa ọkọ̀ hybrid nílẹ̀ wa ju ọjọ́ orí lọ: "Bátìrì ti lọ." Iná pupa onígun mẹ́ta á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, awakọ̀ á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á yọjú wo iná náà láti ojú fèrèsé, á mi orí, á sì dá ẹjọ́. Kò so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọkọ̀. Kò wọn fólítì kankan. Kò ṣí ibi kankan. Síbẹ̀ ẹjọ́ ti dá, ìtanràn rẹ̀ sì ni owó odidi bátìrì, owó tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹjọ́ tí a dá láìgbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí, ìrẹ́jẹ ni, ì báà jẹ́ àìmọ̀ ló fà á, ì báà jẹ́ ojúkòkòrò. Ọkọ̀ hybrid gbé ẹlẹ́rìí rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Àwa la kọ̀ tí a kò bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó díẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń sún mọ́ 1,000 náírà ní Èkó, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ láwọn ìlú mìíràn. Àwọn tó ti máa ń fi Prius ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ tí kì í dún, ọkọ̀ aláìlágbára, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n ń béèrè Camry Hybrid, wọ́n ń béèrè Highlander Hybrid, wọ́n ń béèrè Lexus RX 400h, láti Kútọnu dé Apapa, láti Lomé dé Accra. Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò ra hybrid torí pé ó fẹ́ràn igbó àti ẹranko. Ó rà á kí owó epo má baà jẹ owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá dájọ́ ikú fún bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, oúnjẹ yẹn gan-an ló ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Níbo ni àìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Láti orí iye. Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ hybrid. Èkíní ni bátìrì kékeré onífólítì 12, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ gbogbo. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lójú oorun, òun ló ń tan iná, òun ló ń ṣílẹ̀kùn. Inú bọ́ọ̀tù ló wà nínú Prius, ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ náà kò sì mọ̀ pé ó wà rárá. Èkejì ni bátìrì ńlá tó ń gbé ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú Prius ìran kejì, 2004 sí 2009, àti ìran kẹta, 2010 sí 2015, ègé 28 ló para pọ̀ di bátìrì ńlá yìí, wọ́n tò wọ́n bí ìwé lórí pẹpẹ. Ègé kan ní sẹ́ẹ̀lì 6 nínú, sẹ́ẹ̀lì kan sì jẹ́ fólítì 1.2. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ègé kan jẹ́ fólítì 7.2, gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 201.6. Camry Hybrid ìgbà yẹn ní ègé 34, fólítì 244.8. Highlander Hybrid àti RX 400h dé 288.

Nígbà tí bátìrì kékeré bá rẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa sọ ìsọkúsọ bí ẹni tí ibà ń dà láàmú. Iná ABS á tàn, iná ìjánu á tàn, iná onígun mẹ́ta á tàn, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á dà bí ọjà alẹ́. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á ní bátìrì ńlá ti kú. Bẹ́ẹ̀ mítà kékeré tí gbogbo rìwáyà ní nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti parí àríyànjiyàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Bátìrì onífólítì 12 tó yè, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, yẹ kó ka nǹkan bí 12.6. Bí ó bá ti wọ abẹ́ 12, kò lágbára mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, làpálàpá ni wọ́n rí tí wọ́n ń gba owó ẹ̀tẹ̀ lé e lórí.

Iná onígun mẹ́ta yẹn ńkọ́? Akéde ni. Iṣẹ́ akéde ni kó lu agogo kó ní ọ̀rọ̀ wà láàfin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ààfin. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ààfin, kọ́ọ̀dù sì ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. P0A80 ni kọ́ọ̀dù tó ń sọ pé bátìrì ńlá ti tó pààrọ̀. P0A93 ń sọ pé ohun tó ń tu inverter lára kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, páńpù omi kékeré kan ló sì sábà máa ń fà á. P0A81 ń sọ ti fáànù bátìrì. P0AA6 ń sọ pé iná ńlá ń jò mọ́ ara ọkọ̀ níbì kan, omi tó wọ ibi tí kò yẹ sì lè fà á. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè tan iná pupa kan náà. Ẹni tó bá wo iná pupa nìkan tó ní òun ti mọ àrùn dà bíi dókítà tó gbọ́ ẹkún ọmọ láti ojú pópó, tó sì kọ oògùn ibà fún un láìwọlé.

Páńpù omi yẹn kì í ṣe ohun tí mo fi ọkàn ara mi rò. Ní ọdún 2012 Toyota fúnra rẹ̀ pe ọ̀pọ̀ Prius ìran kejì padà nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, wọ́n tún pe Prius ìran kẹta tó tó mílíọ̀nù 1.9 padà káàkiri ayé nítorí ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí inverter. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà kò bá gbé e lọ kó tó tà á, àrùn náà bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ nọ́ńbà VIN ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sí ojú ewé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kó wo àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń ta ọkọ̀ fún wa ló ń ṣe é kó tó dárúkọ iye?

Ó tún ku ti eruku. Bátìrì ńlá ń mí. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn nínú Prius. Fáànù á gba ibẹ̀ fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kọjá lára àwọn ègé náà kí wọ́n má baà gbóná jù, torí pé ooru ni ọ̀tá wọn. Ẹ wá wo bí a ṣe ń lò ó. Eruku ọyẹ́, eruku ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, òwú ara ìjókòó, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ abẹ́ fáànù títí kò fi ní lè fa afẹ́fẹ́ tó tó mọ́. Èrò ẹ̀yìn á gbé àpò dí ihò náà, awakọ̀ kò sì ní mọ ohun tí ó fẹ́ bá a wí sí. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ á pa ẹ̀rọ amúlétutù láti ṣọ́ epo jẹ, inú ọkọ̀ á gbóná bí ààrò, afẹ́fẹ́ ààrò yẹn náà ni bátìrì yóò máa mí láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá yá, ọkọ̀ á pariwo. A ó ní ọkọ̀ náà kò dáa. Iṣẹ́ kékeré ni kí a ṣí fáànù kí a fọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Nínú Prius ìran kejì, bàbà tó so ègé mọ́ ègé tún máa ń hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, kọ̀ǹpútà á sì máa ka fólítì tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bátìrì kan wà tí wọ́n ti sin láàyè tó jẹ́ pé ìpẹtà yẹn ni kí wọ́n nù kúrò.

Ṣé mo ń sọ pé bátìrì hybrid kì í kú ni? Rárá o. Ó ń kú, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú kó yá. Toyota kò ṣèlérí ayérayé fún ẹnikẹ́ni: ní Amẹ́ríkà, ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 ni wọ́n fi dúró fún bátìrì hybrid wọn, kí wọ́n tó gbé e sí ọdún 10 tàbí máìlì 150,000 bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ọdún 2020. Prius 2010 tí wọ́n ń tà lónìí ti lo ọdún 15 ó kéré tán láyé. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ti ní owó bátìrì lọ́kàn, bí ẹni tó ra ilé àlòkù ṣe ń ní owó páànù lọ́kàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ikú ní àmì, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmì rẹ̀ rèé. Òṣùwọ̀n bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á kún lójijì, á tún gbẹ lójijì, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà. Fáànù ẹ̀yìn á máa pariwo. Ẹ́ńjìnì tó yẹ kó dákẹ́ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ á kọ̀ láti dákẹ́. Epo tí ọkọ̀ ń mu á pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni kọ́ọ̀dù á dé. Kọ̀ǹpútà pín ègé 28 sí méjì-méjì, ìdílé 14, ó sì ń ka fólítì ìdílé kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó gbọ́ èdè hybrid, bíi Techstream ti Toyota, tàbí áàpù Dr. Prius lórí fóònù tí a so mọ́ ẹ̀rọ Bluetooth kékeré kan, lè fi gbogbo ìdílé náà hàn yín lójú ẹsẹ̀. Bí ìdílé 13 bá ń rìn papọ̀, tí ìkẹrìnlá ń já wálẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ ọkọ̀, tó sì ń fò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ ti rí aláìsàn. Bí gbogbo wọn bá jọ ń lọ tí wọ́n jọ ń bọ̀, ẹ lọ wá àrùn níbòmíràn. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò nílò ifá dídá.

Ta ni mo wá ń bá wí?

Mo ń bá oníṣòwò ọkọ̀ tó ń di ẹlẹ́rìí lẹ́nu wí. Ó mọ̀ pé iná ń tàn. Ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tirẹ̀, ó sì mọ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lára rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń pa kọ́ọ̀dù rẹ́. Á tẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́ tónítóní, owó á wọlé, lọ́jọ́ kẹta iná á padà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í gbàgbé pátápátá, ẹ̀yin tó ń rà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí kò wọ́n rárá ló lè ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kọ́ọ̀dù rẹ́ gbẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ tó ti rin 200,000 kìlómítà bá ní kìlómítà 6 ni òun ti rìn látìgbà náà, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè ní bátìrì kékeré ni àwọn yọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà fún wákàtí kan, kí ẹ tún un yẹ̀ wò, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ gidi nílẹ̀ kò ní bínú.

Mo ń bá mẹkáníìkì kan wí pẹ̀lú, kì í ṣe gbogbo wọn. Mo ń bá èyí tó ń tijú láti sọ pé "mi ò mọ̀" wí, torí pé ìtìjú rẹ̀ ni oníbàárà ń fi owó san. Mo ń bá èyí tó ń yọ ègé kan tó ti kú, tó ń fi àlòkù mìíràn rọ́pò, tó sì ń gba owó bátìrì tuntun wí. Pípààrọ̀ ègé kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó lè jẹ́ gbogbo ohun tí agbára oníbàárà ká. Ṣùgbọ́n ègé 27 yòókù jọ dàgbà pọ̀ ni, òmíràn lè tẹ̀ lé e láìpẹ́, ẹni tó ń sanwó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ kó tó sanwó. Mo tún ń bá èyí tó ń sọ fún obìnrin tó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wá pé "Mọ̀dáámù, ẹ lọ pe ọ̀gá wá" wí. Ọ̀gá wo? Kọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé àrùn ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín, ó ṣeé ṣe kí òun gan-an má mọ àrùn náà.

Ní ti ìjọba, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Kòkó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pariwo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Bamako tó fòfin de kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Lónìí, bátìrì tó ti ń kú lọ kò wá nínú àgbá mọ́. Ó ń wá lórí táyà mẹ́rin, wọ́n kùn ún, wọ́n sì ń pè é ní tòkunbọ̀. Àjọ UNEP ròyìn ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó jáde láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé láti oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n Euro 4. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èéfín ni Euro 4. Kò sọ nǹkan kan nípa bátìrì tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti ń fi nọ́ńbà VIN ṣírò owó tí wọn yóò gbà lórí ọkọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ ọkọ̀ tó jẹ́ hybrid kí ó tó jáde ní èbúté. Ẹni tó lè ti ara VIN mọ iye tí yóò gbà lè ti ara rẹ̀ béèrè ìwé kan ṣoṣo: fólítì ìdílé 14, àti kọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé. Wọ́n mọ ọ̀nà gbígba owó. Kí wọ́n mọ ọ̀nà títọ́jú ẹni tó ń san án pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò ní gbogbo ohun tí mo sọ yìí fi hàn pé hybrid kì í ṣe tiwa, pé ká padà sí ọkọ̀ tí mẹkáníìkì wa mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì wa mọ̀ yẹn, ìgbà kan wà tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Mo rántí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnì tí kọ̀ǹpútà ń fún lépo nígbà tó kọ́kọ́ dé, pé kábúrétọ̀ nìkan ni ọkọ̀ gidi, pé ohun tí a kò lè fi ẹnu fẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Lónìí, ta ló ń wá kábúrétọ̀? Ẹ wo orílẹ̀-èdè Mongolia. Wọn kò lówó bí Amẹ́ríkà, òtútù wọn ń pa ẹni tí kò bá múra, síbẹ̀ Prius àlòkù láti Japan kún ojú pópó Ulaanbaatar bí Keke ṣe kún tiwa. Wọn kò dúró de ọkọ̀ tí kò ní àrùn. Wọ́n kọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ooru wa yàtọ̀ sí òtútù wọn, ooru sì le fún bátìrì ju òtútù lọ. Ìdí tó fi yẹ kí a mọ fáànù fọ̀ jù wọ́n lọ nìyẹn.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọ́n, mẹkáníìkì sì jẹ́ tálákà. Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹnì kan ṣoṣo dá a rà? Àwa la ni èsúsú, àwa la ni àjọ. Mẹkáníìkì mẹ́wàá tó wà ní òpópónà kan ṣoṣo lè dá owó ẹ̀rọ kan jọ bí wọ́n ṣe ń dá owó ìnáwó jọ. Ẹgbẹ́ wọn wà ní gbogbo ìlú, wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kí apá kan nínú owó náà ra ẹ̀rọ. Oníbàárà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbà pé àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́ tó tó owó. A ń san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí a tó ra oògùn; ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá gba owó àyẹ̀wò nìkan, a ó ní olè ni. Ìyẹn ló ń lé e lọ sí ọ̀nà mìíràn tó gbà ń rí owó rẹ̀: kó ní kí a ra ẹ̀yà, kó sì jẹ lórí ẹ̀yà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kò kan owó. Iná tó wà nínú bátìrì ńlá lè pa èèyàn. Inverter tún máa ń gbé fólítì 201.6 yẹn ga, dé 500 nínú Prius ìran kejì, dé 650 nínú ìran kẹta. Wáyà tó ń gbé e ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn kí gbogbo ayé lè rí i. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kó gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, kó yọ bátìrì kékeré, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná ńlá, kó yọ púlọ́ọ̀gì ààbò tó wà lára bátìrì, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí iná tó kù nínú inverter lè gbẹ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn pàápàá, iná ṣì wà nínú àwọn ègé náà fúnra wọn níwọ̀n ìgbà tí bàbà bá so wọ́n pọ̀. Ẹ wá ronú ọmọ iṣẹ́ ọmọ ọdún 14, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ tútù, tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣí i kí àwọn wo inú rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò mọ̀ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí òun fi ọmọ sí ti di iṣẹ́ iná. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ̀gá náà pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èdè fi kàn án. Ní Ladipo ní Èkó, ní Suame Magazine ní Kumasi, ní gbogbo ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé kọ́ ni ọ̀gá fi ń kọ́ wọn. Yorùbá ni, Ìgbò ni, Twi ni, Fọn ni, Haúsá ni. Ọmọ tó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì kó sọ táápẹ́ẹ̀tì tó ń dún kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkìlọ̀ tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là wà ní èdè tí wọn kò fi kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa kún fún ọ̀jọ̀gbọ́n èdè tó mọ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Kí wọ́n jókòó ti rìwáyà, kí wọ́n kọ ìwé pẹlẹbẹ lórí wáyà aláwọ̀ ọsàn àti kọ́ọ̀dù mẹ́wàá tó wọ́pọ̀ jù, kí wọ́n kà á sórí rédíò, kí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èdè tí kò bá lè sọ bí a ṣe ń wo bátìrì sàn kò ní pẹ́ di èdè oríkì àti ìnáwó nìkan, àwa tí a ń fi í kọ àròkọ kò sì ní rí ẹni bá wí ju ara wa lọ.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju mẹ́rin lọ. Kí ọkọ̀ hybrid kankan má jáde ní èbúté láìní ìwé àyẹ̀wò bátìrì. Kí mẹkáníìkì má gba owó ẹ̀yà kan lórí hybrid láìkọ kọ́ọ̀dù tó rí sórí ìwé, kó buwọ́ lù ú, kó fún oníbàárà. Kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì má fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣí bátìrì ńlá láìní ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀kọ́. Kí ìjọba sọ ibi tí bátìrì tó bá kú lóòótọ́ yóò lọ, kó má baà di ohun ìṣeré ọmọdé lẹ́yìn ilé ẹnì kan.

Bí ìjọba bá dákẹ́, tí ẹgbẹ́ sì dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún wo iná pupa láti ojú fèrèsé tó ní bátìrì ti lọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kọ́ọ̀dù wo lo rí? Ìdílé wo ló ń ṣubú? Fólítì mélòó ló kà? Bí ó bá dáhùn, ẹ jókòó, ẹ jọ sọ̀rọ̀ owó. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.